Àáró ni ká fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe nínú kíláàsì, ká má sọ ọ́ di pátákó ìkéde

Àbúrò mi obìnrin ń ṣe tíṣà ní Ayétòrò. Èdè Yorùbá ló ń kọ́ àwọn ọmọ SS1. Lọ́jọ́ kan báyìí ló pè mí lórí fóònù, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wà nídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ gbà mí o. Wọ́n ní ká máa fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ àwọn ọmọ. Mo ti dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ fún kíláàsì mi, gbogbo ohun tí mo bá kọ́ wọn ni mò ń fi síbẹ̀. Síbẹ̀, kò sóhun tó yàtọ̀. Kí ló kù tí mi ò tíì ṣe?"

Nígbà tí mo dé Ayétòrò lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ó na fóònù rẹ̀ sí mi, mo sì wo gúrúùpù náà láti òkè délẹ̀. Ká sòótọ́, àbúrò mi ò fi iṣẹ́ ṣeré. Àwòrán pátákó wà níbẹ̀, nóòtì wà níbẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá wà níbẹ̀, ìkéde owó PTA náà ò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí làwọn ọmọ ń sọ? "Yes ma." "Noted ma." "Thank you ma." Ó tán síbẹ̀.

Mo ní, "Àbúrò mi, pátákó ìkéde lo kàn yìí o. Kì í ṣe kíláàsì." Inú rẹ̀ ò kọ́kọ́ dùn sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tá a jọ jókòó sọ̀rọ̀ dáadáa, tó sì gbé e lọ sí kíláàsì, tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ káwọn tíṣà yòókù lè rí i kà. Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn.

Àáró, ọ̀wẹ̀ àti pátákó ìkéde

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Yewa, pàápàá ẹ̀yin tí bàbá yín ṣiṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ mọ àáró. Ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn á kóra jọ. Lónìí, gbogbo wọn á lọ sóko Òjó. Lọ́la, wọ́n á lọ sóko Àkàndé. Báyìí ni wọ́n á ṣe máa yí i títí yóò fi kan gbogbo wọn. Ohun tó mú kí àáró dára ni pé kò sẹ́ni tó lè fara pamọ́ níbẹ̀. Ebè tó o kọ nìyẹn, gbogbo èèyàn ló ń wò ó. Tí tìẹ bá wọ́, ẹni tó wà ní poro kejì á pariwo sí ẹ pé, "Ọ̀gbẹ́ni, ebè rẹ ti ń wọ́ o!" Bí ọmọ tí kò mọ oko í ro ṣe ń di àgbẹ̀ gidi nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ síyẹn. Ẹnì kan ló niṣẹ́, òun ló ń se oúnjẹ, òun ló ń wá ẹmu. Àwọn yòókù kàn wá ràn án lọ́wọ́ ni. Tíṣẹ́ bá ti parí, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Pátákó ìkéde ò sí nínú méjèèjì. Ẹnì kan kọ ọ́, àwọn yòókù kà á, wọ́n kọjá lọ.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀kọ́, torí àáró ni wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n ṣe é kí èèyàn púpọ̀ lè jọ kọ nǹkan kan ṣoṣo, kí wọ́n jọ tún un ṣe, kí ọwọ́ kálukú sì hàn. Àwa ń sọ ọ́ di pátákó ìkéde, a wá ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ò ṣiṣẹ́.

Kí làwọn irinṣẹ́ náà gan-an?

Wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni ohun tí èmi ń pè ní ìwé àjọkọ. Google Docs ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Lọ́dún 2006 ni Google ra irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Writely, ibẹ̀ ni Google Docs ti jáde. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le rárá. Ìwé kan ṣoṣo ló wà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì wà, kò sí nínú fóònù ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ni ín á fi líǹkì ránṣẹ́ sáwọn tó kù. Tí Ṣadé bá ń tẹ ọ̀rọ̀ ní Ayétòrò, Túndé tó wà ní Ìlaròó á máa rí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀. Èèyàn tó 100 lè wà lórí ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹni tó ni ìwé ló máa yan àṣẹ tí kálukú ní. Àwọn kan lè kàn kà á. Àwọn kan lè kà á kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn kan lè kọ nǹkan sínú rẹ̀, kí wọ́n sì yí i padà. Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù fún tíṣà ni ìtàn ìwé náà: ìwé yẹn ń rántí ẹni tó kọ kí ni, ọjọ́ wo, aago mélòó. Tí ẹnì kan bá pa iṣẹ́ ẹlòmíràn rẹ́, ẹ lè dá a padà. Ẹ ò rí i pé ebè kálukú ti hàn?

Ìkejì ni wiki. Ọ̀gbẹ́ni ará Amẹ́ríkà kan, Ward Cunningham, ló ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dún 1995. Ó mú orúkọ náà látinú èdè àwọn ará Hawaii. "Wiki" níbẹ̀ túmọ̀ sí kíá. Ojú ewé ni wiki, ẹnikẹ́ni tó bá ní àṣẹ sì lè tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Wikipedia tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2001 lèyí tí gbogbo ayé mọ̀, ti èdè Yorùbá náà sì wà. Ìwé àjọkọ dára fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Wiki dára fún iṣẹ́ tí kíláàsì ọdún yìí máa bẹ̀rẹ̀, tí kíláàsì ọdún tó ń bọ̀ á máa fi kún un.

Ìkẹta ni pátákó alálẹ̀mọ́, irú bíi Padlet. Tíṣà á béèrè ìbéèrè kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan á lẹ ìdáhùn tirẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbà tí wọ́n lẹ bébà kékeré mọ́ ògiri. Ó wúlò gan-an fáwọn ọmọ tí ojú máa ń tì láti nawọ́ sókè.

WhatsApp náà ò burú o. Ohun tó fi kù díẹ̀ káàtó ni pé ọ̀rọ̀ tuntun á máa ti ti àtẹ̀yìnwá sókè títí tí ò fi ní í sẹ́ni tó rí i mọ́. Ẹ fi pe ara yín jọ, kẹ́ ẹ fi fi líǹkì ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì ṣe iṣẹ́ gan-an níbòmíràn.

Ohun tí ọdún 2020 kọ́ wa

Ẹ ò ní í gbàgbé pé Kòrónà ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa ní March 2020. Ní April, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Ogun DigiClass. Àwọn tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ lórí tẹlifíṣọ̀n OGTV àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dáa tí wọ́n ṣe é, torí kò sí ọ̀nà míì tí wọ́n lè fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ò lè gbọ́ èsì. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ò yé ní Ìmẹ̀kọ ò lè sọ fún tíṣà tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ." Tíná bá lọ, kíláàsì ti parí nìyẹn.

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ wa ti gbà pé bí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń rí nìyẹn: ẹnì kan á sọ̀rọ̀, ẹgbẹ̀rún èèyàn á máa wò. Ìrò yẹn la gbé wọ inú WhatsApp, a ò tíì gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, Ayétòrò kì í ṣe ìlú tí ọ̀nà tuntun ṣàjèjì sí. Ọdún 1963 ni wọ́n dá Comprehensive High School sílẹ̀ níbẹ̀, láyé ìjọba Western Region, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Lásìkò tó jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ gírámà dá wà, ti oníṣẹ́ ọwọ́ náà dá wà, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Ibẹ̀ wà lára ibi tí Social Studies ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ìlú ńlá nìkan ni wọ́n ti lè dán nǹkan tuntun wò.

Bá a ṣe ṣe é: kíláàsì kan, fóònù mẹ́jọ

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí àbúrò mi ṣe gan-an. Ogójì ọmọ ló wà ní kíláàsì rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ò gba fóònù láàyè, mi ò sì bá wọn jà sí i. Ó pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́jọ, ọmọ márùn-ún-márùn-ún. Ó kàn rí i dájú pé nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, ọmọ kan wà tí òbí rẹ̀ lè yá ní fóònù Android fún ìṣẹ́jú ọgbọ̀n lálẹ́. Fóònù mẹ́jọ péré nìyẹn fún ogójì ọmọ.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló fi ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ nípa rẹ̀. Ìdí tó fi yan èyí ni pé ìdáhùn ò sí nínú ìwé kan ṣoṣo tọ́mọ lè dà kọ. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ló wà. Èkejì, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra rẹ̀ ò mọ ẹnubodè. Orílẹ̀-èdè Benin, Nàìjíríà àti Tógò ló jọ ni orúkọ tó wà níwájú UNESCO. Ọdún 2001 ni wọ́n kéde rẹ̀, ọdún 2008 ni wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi àgbà kan nílé léèrè, ó sì kọ ohun tó gbọ́ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú bírò. Ẹ ṣàkíyèsí pé íntánẹ́ẹ̀tì ò tíì dé ibẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ Túsìdeè, àwọn ẹgbẹ́ jókòó nínú kíláàsì, wọ́n ka ti ara wọn. Lálẹ́ Wẹ́sìdeè àti Tọ́sìdeè, fóònù ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣí ìwé àjọkọ, wọ́n tẹ ìpínrọ̀ márùn-ún síbẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ìpínrọ̀ wà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ Fráídeè, àbúrò mi fi dátà orí fóònù tirẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ sókè, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ka iṣẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹ má pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rẹ́, ẹ bi í léèrè. Tó bá jẹ́ pé àṣìṣe lẹ rò pé ó ṣe, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Ṣé ohun tí màmá yín sọ nìyí?" Ẹni tó ni ín ló máa tún un ṣe.

Mi ò sí nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n wọ́n fún mi ní àṣẹ láti ka ìwé náà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí.

Ẹgbẹ́ kan kọ ọ́ pé Kétu ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀ wá. Ẹgbẹ́ mìíràn fi ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé bàbá àgbà àwọn ní Ìlọ́bí ni. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Tó bá ṣe inú ìwé àkọsílẹ̀ lásán ni, tíṣà á fa ọ̀kan nínú méjèèjì gé. Níbí yìí, wọ́n fi méjèèjì sílẹ̀, wọ́n sì kọ ẹni tó sọ ọ́ fún wọn sí i. Ẹ wò ó, ọmọ SS1 ti ń kọ́ pé ìtàn ní ẹni tó ń sọ ọ́. Iṣẹ́ oníròyìn gan-an nìyẹn!

Èyí tó kàn mí lọ́kàn jù nìyí. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Kétu, lápá ọ̀dọ̀ àwọn Faransé. Ó kọ "ɔkɔ" síbi tó yẹ kó kọ "ọkọ", ó kọ "kpákó" síbi "pákó", ó kọ "shé" síbi "ṣé". Ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀ ẹyọ kan yẹn: àṣìṣe, àṣìṣe, àṣìṣe. Ọmọ náà fèsì ní ìlà kan pé, "Bí màmá mi ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, kíláàsì àwọn àgbà ni wọ́n ti kọ́ wọn ní Kétu."

Òótọ́ ló sọ. Ní orílẹ̀-èdè Benin, álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè wọn lọ́dún 1975 ni wọ́n fi ń kọ Yorùbá. Lẹ́tà ɛ àti ɔ ló wà níbi tí tiwa ti ní àmì lábẹ́, "kp" ló wà níbi "p" tiwa, "sh" ló sì wà níbi "ṣ". Èdè kan náà, ìwé méjì. Àbúrò mi kó gbogbo wọn jọ, ó kọ ọ̀nà méjèèjì sójú pátákó, ó ṣàlàyé pé èyí tí WAEC máa gbà lọ́wọ́ wọn nìyí, ṣùgbọ́n ìkejì kì í ṣe àṣìṣe. Ó ní àwọn ọmọ tó kọ "àṣìṣe" padà lọ yọ ọ́ fúnra wọn. Kò sẹ́ni tó rán wọn.

Ká ní ìwé ìdánwò lásán ni, ìlà pupa ni ọmọ yẹn ì bá rí gbà, á sì dákẹ́. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Bí ọmọ bá ń kọ̀wé fún tíṣà nìkan, máàkì ló ń wá. Bó bá ń kọ ọ́ síbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa kà á, ó di dandan kó lè ṣàlàyé ìdí tó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló dùn o. Ẹgbẹ́ méjì ò parí. Ìyá kan ní òun ò lè fi fóònù òun sílẹ̀, torí ibẹ̀ làwọn oníbàárà òun ti ń pe òun. Dátà ẹgbẹ́ kan tán láàárín ìpínrọ̀ kẹta. Àbúrò mi gba ti àwọn yẹn lórí bébà, ó sì ní kí ẹgbẹ́ mìíràn bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin náà rí i pé àáró ló ṣì jẹ́.

Ìṣòro tiwa ní ẹnubodè

Àwọn tó ń kọ̀wé lórí nǹkan wọ̀nyí láti Èkó máa ń gbàgbé àwọn nǹkan kan tí àwa ò lè gbàgbé.

Iná àti epo ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ẹnubodè pa ní August 2019, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ ní November ọdún yẹn pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé-epo kankan tó bá wà láàárín 20 kìlómítà sí ẹnubodè. Ẹ̀yin ará Ìmẹ̀kọ àti Ìdírókò, ẹ mọ ohun tójú yín rí. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ ò lè gbẹ́kẹ̀ lé kọ̀ǹpútà. Fóònù tí wọ́n gba iná sí láti ilé ló ṣeé gbára lé jù.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ìkejì. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ẹnubodè gan-an, fóònù yín lè fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa sílẹ̀, kó lọ gbá ti orílẹ̀-èdè Benin mú. Owó yín á máa lọ bí omi. Ẹ wọ inú sẹ́tíǹgì fóònù, ẹ pa "data roaming", kẹ́ ẹ sì fọwọ́ ara yín yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ fẹ́ dípò kí fóònù máa yàn án fún yín.

Owó dátà ni ìkẹta. Ní January 2025, àjọ NCC gbà káwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi owó kún owó wọn, ó lè tó ìdajì iye tó wà tẹ́lẹ̀. Torí náà, ẹ sá fún fídíò. Wákàtí kan lórí ìpàdé olófídíò lè jẹ tó 1GB. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé àjọkọ kì í jẹ ju díẹ̀ lára rẹ̀ lọ. Ẹ tún lè sọ fún áàpù Google Docs pé kó fi ìwé yẹn pa mọ́ sínú fóònù. Ọmọ á kọ ọ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó bá dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, áàpù náà á gbé e lọ fúnra rẹ̀.

Fún kíka nǹkan, Kiwix wà. Ẹ lè lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa ní Ìlaròó, kẹ́ ẹ gba Wikipedia sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo kíláàsì sì máa kà á láìná kọ́bọ̀ mọ́. Èyí ò kéré o. Ṣé ẹ rántí 14 March 2024? Wáyà abẹ́ òkun gé ní tòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dà rú ní Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ ìlú nílẹ̀ Áfíríkà. Tíṣà tó ní bébà àti Kiwix ò ní í dá kíláàsì dúró lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀lẹ, ẹ̀rọ akọ̀wé, àti ààbò ọmọ

Àwọn òbí àti tíṣà máa ń bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta.

"Ṣé kì í ṣe ọmọ kan ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́, tí àwọn mẹ́rin á kàn kọ orúkọ?" Ó lè ṣẹlẹ̀. Nínú iṣẹ́ orí bébà gan-an, ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ ò kàn rí i ni. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé, ìtàn ìwé á fi hàn yín. Bó bá jẹ́ fóònù kan ni wọ́n jọ ń lò, bíi ti àbúrò mi, ìtàn ìwé ò ní í tó. Ẹ gba ìwé tí kálukú fi bírò kọ pẹ̀lú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí ọmọ kan ṣàlàyé ìpínrọ̀ ẹlòmíràn lójú gbogbo kíláàsì.

"ChatGPT ńkọ́?" Ọmọ tó bá ní kí ẹ̀rọ bá òun kọ ọ́, gbogbo ìpínrọ̀ rẹ̀ máa já wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìtàn ìwé á gbé e síta. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tẹ́ ẹ bá béèrè ni oògùn tó dáa jù. Ẹ̀rọ ò mọ ohun tí ìyá àgbà ọmọ yẹn sọ lálẹ́ àná.

"Fóònù ò ní í ba ọmọ mi jẹ́?" Òbí tó bèèrè bẹ́ẹ̀ ò jẹ̀bi. Google fúnra rẹ̀ sọ pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún 13 ò gbọ́dọ̀ dá ní àkáǹtì láìsí òbí. Òfin ààbò ìsọfúnni tí wọ́n buwọ́ lù ní June 2023 náà sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí kẹ́ ẹ tó gba ìsọfúnni ọmọdé. Torí náà, ẹ kọ lẹ́tà sí òbí. Ẹ má fi líǹkì ìwé àjọkọ síta fún gbogbo ayé. Ẹ má jẹ́ kọ́mọ kọ àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà fóònù sínú rẹ̀, orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ti tó. Ẹ fi aago sí i: ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, lójú òbí, fóònù padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ìdí tí ò fi yẹ ká fi falẹ̀

Láti 2015 ni JAMB ti fi bébà sílẹ̀ pátápátá, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ti ń ṣe é. Lọ́dún 2024, WAEC náà bẹ̀rẹ̀ ti orí kọ̀ǹpútà fáwọn tó ń dá ìdánwò ṣe. Ọmọ Ayétòrò àti ọmọ Ìkejà, ìdánwò kan náà ni wọ́n jọ máa jókòó sí. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìdánwò lọmọ wa máa kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, ìbẹ̀rù ló máa kọ́kọ́ ṣe, kó tó wá dé orí ìbéèrè.

Síbẹ̀, ìdánwò nìkan kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé a lè ra kọ̀ǹpútà, ká ra dátà, ká sì máa fi kọ́ àwọn ọmọ láti máa wí pé "Yes ma". Pátákó ìkéde olówó iyebíye la máa rà yẹn.

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ ò nílò owó ìjọba kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú kíláàsì kan, ọ̀rọ̀ kan tí ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn àgbà àdúgbò, ìwé àjọkọ kan àti ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́, ẹ fún wọn ní òfin kan: a kì í pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rẹ́, a máa ń bi í léèrè ni.

Àbúrò mi pè mí lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ó ní àwọn ọmọ ti ní kóun má pa ìwé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹn rẹ́ o. Ìyá ọmọkùnrin tó ń kọ "ɔkɔ" ti kà á lórí fóònù, ó sì ní ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n sọ tí ò rí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ mọ bóun ṣe lè fi ọ̀rọ̀ tòun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ní kó fi líǹkì ránṣẹ́ sí i.